Iye Ẹja Kọ́ Ni Iye Ìdílé: Ohun Tí Onímọ̀ Ẹja Ń Wá Nínú Odò Èkìtì

Kò sí ọjọ́ tí èèyàn wọ ọjà ní Adó-Èkìtì tí kò ní rí àrọ̀. Òmíràn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú bàsíà, òmíràn ti ká róbótó lórí àtẹ pẹ̀lú ìrù lẹ́nu, òmíràn sì wà nínú ọbẹ̀ ata tí àwọn èèyàn ń pè ní pọ́íntì-áńdì-kíìlì. Inú oko ẹja ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, kì í ṣe inú odò. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọ̀rọ̀ ẹja ti yanjú: bí ti odò bá ń dín kù, ti oko yóò máa dí i.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé onímọ̀ kan wá láti yunifásítì, tó ń gé fín-ínfín-ín lára lẹbẹ ẹja odò, tó sì ń rẹ ẹ́ sínú ìgò kékeré, onírúurú ìtumọ̀ là ń fún un. Àwọn kan á ní ó fẹ́ yí ẹja padà ni. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ tí kò lérè ni, nítorí ẹja inú omi kì í tán. Àwọn tó kù á béèrè ohun tí lẹbẹ ẹja kan fẹ́ sọ fún wa tí ọbẹ̀ kò ì tíì sọ. Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí ó kan àgbẹ̀ ẹja, ọdẹ omi àti ẹni tó ń jẹ ẹja.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ìmọ̀ méjì ló para pọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni ìmọ̀ ìbágbé: ẹja wo ló ń gbé inú omi wo, kí ló ń jẹ, kí ló ń jẹ ẹ́, ìgbà wo ló ń yé ẹyin, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí i bí omi bá gbóná, tó gbẹ, tàbí tó dọ̀tí. Èkejì ni ìmọ̀ àjogúnbá fún ìdáàbòbò: kí ni ẹja kọ̀ọ̀kan jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, báwo ni ìdílé inú odò kan ṣe jìnnà sí ti odò mìíràn tó, ǹjẹ́ onírúurú àjogúnbá tó ṣẹ́ kù sì tó láti gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ la ìṣòro kọjá?

Inú DNA ni àjogúnbá yìí wà. DNA jẹ́ okùn tín-ín-rín tó wà nínú ara gbogbo ohun alààyè. Èròjà mẹ́rin, tí àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà A, C, G àti T dúró fún, ló tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan lórí okùn náà tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ara là ń pè ní jíìnì. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Gbogbo ẹni tó ti lọ yẹ jínótáìpù wò kó tó ṣègbéyàwó, tí wọ́n sọ fún un pé AA ni òun tàbí AS, ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ìmọ̀ náà. Jíìnì kan péré ni àyẹ̀wò yẹn ń tọ́ka sí. Onímọ̀ ẹja a máa wo ibi púpọ̀ lórí DNA lẹ́ẹ̀kan náà.

Kíkà ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe yíyí padà. Onímọ̀ náà kò fi nǹkan kan kún ara ẹja, kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú àjogúnbá rẹ̀. Ṣe ló dà bí ìwádìí tí àwọn òbí wa máa ń ṣe kí ọmọ tó lọ sílé ọkọ. Wọ́n á béèrè ìdílé, wọ́n á tọpa bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá, kí ìbátan má baà fẹ́ ìbátan láìmọ̀. Ẹja kò ní olóyè ìdílé tí a lè bi léèrè, kò sì ní oríkì tí a lè fi dá a mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé DNA ni a ń bi.

Àrọ̀ àti ilẹ̀ àbàtà

Àrọ̀ tí à ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus. William Burchell, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1822. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ nípa ẹja Nàìjíríà, Clarias lazera ni wọ́n ń kọ. Guy Teugels, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló fi ìwádìí rẹ̀ hàn ní àwọn ọdún 1980 sí 1989 pé ẹja kan náà ni orúkọ méjèèjì ń jẹ́. Bí ẹni tó bá ń ka ìwé méjì kò bá mọ èyí, yóò máa ka ẹja kan ní méjì.

Ọlọ́run fún àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Òun ló jẹ́ kó lè pẹ́ nínú ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn kò lè gbé, kó sì lè fà lórí ilẹ̀ tútù láti inú omi kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà òjò, bí odò bá kún, tí omi sì tàn dé orí koríko etí odò, ibẹ̀ ni akọ àti abo ń lọ láti yé ẹyin. Ẹyin náà á lẹ̀ mọ́ ewé, yóò sì pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa. Àwọn òbí kì í dúró tọ́jú ọmọ. Ilẹ̀ tí omi bò yẹn ni alágbàtọ́ wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìgbẹmọ-Èkìtì àti àwọn ìlú tó wà ní àgbègbè Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló mọ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ilẹ̀ tó lómi lábẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìrẹsì ń fẹ́, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àrọ̀ ń wá láti bímọ. Bí a bá gbẹ́ gọ́tà láti fa omi àbàtà tán, tí a da iyẹ̀pẹ̀ sí i láti kọ́lé, tàbí tí oògùn apakoríko láti inú oko ṣàn wọ inú rẹ̀ ní oṣù tí ẹyin ń pa, ẹja ńlá inú odò lè má kú. Èèyàn á ṣì máa rí i pa. Ohun tó dín kù ni iye tọkọtaya tó rí àyè bímọ, ojú lásán kò sì lè rí èyí.

Odò Ọ̀ṣun, tí orísun rẹ̀ wà ní ìhà Ìgèdè-Èkìtì nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ń ṣàn lọ sí ọ̀nà Òṣogbo títí dé ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń ṣàn gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹja inú méjèèjì lè jẹ́ irú kan náà, kí ìdílé wọn ti pínyà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn omi tí a sé, bíi ti Ureje ní Adó, Èrò ní Ìkùn àti Ìtapájì, tún ń pín odò kan ṣoṣo sí òkè àti ìsàlẹ̀, tí ẹja ìsàlẹ̀ kò fi ní lè gòkè mọ́.

Láti odò dé yàrá àyẹ̀wò

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí.

Àkọ́kọ́, onímọ̀ á yan ibi tí yóò ti máa pa ẹja: òkè odò, àárín, ìsàlẹ̀, àti inú omi tí a sé. Àwọ̀n àti ìgèrè làwọn ọdẹ omi ń bá a dẹ, nítorí àwọn ló mọ ibi tí ẹja ń gbà. Yóò padà wá léraléra, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ohun tí odò ń sọ ní oṣù Ògún kọ́ ni yóò sọ ní oṣù Ṣẹẹrẹ.

Ìkejì, yóò wọn gígùn ẹja àti ìwọ̀n rẹ̀, yóò wo bóyá abo náà ti lẹ́yin nínú, yóò sì wo ohun tó wà nínú ikùn àwọn tí a ti pa. Yóò wọn ooru omi náà pẹ̀lú, àti bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ìwọ̀nyí ni yóò fi mọ ipò tí ẹja náà wà nínú àyíká rẹ̀.

Ìkẹta, yóò gé díẹ̀ lára lẹbẹ, kò ju èékánná ọwọ́ lọ, yóò sì rẹ ẹ́ sínú ẹtánọ́ọ̀lù kó má baà jẹrà. Ẹja náà lè padà sínú omi láàyè. Lẹbẹ á tún hù.

Ìkẹrin, nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi èròjà tú ẹran ara náà títí DNA yóò fi dá dúró. Nítorí pé ó kéré jù láti kà, wọ́n á sọ apá tí wọ́n fẹ́ di púpọ̀ nípa ọ̀nà tí à ń pè ní PCR. Kary Mullis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ronú kàn án ní ọdún 1983, òun ló sì mú kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Ẹ̀rọ náà a máa mú omi inú ìgò gbóná, a sì máa mú un tutù, léraléra, tí ẹyọ DNA kan yóò fi di ẹgbàágbèje láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìkarùn-ún ni kíkà. Apá méjì ni wọ́n sábà máa ń kà. Ọ̀kan wà nínú DNA tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ ìyá nìkan. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lẹ́tà 650, láti ọdún 2003 tí Paul Hebert ti dá a lábàá ní Kánádà ni wọ́n sì ti ń fi í dá irú ẹ̀dá kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ìkejì ni àwọn ibi tí lẹ́tà díẹ̀ ti ń tún ara wọn pè, bíi CACACA. Iye ìgbà tó tún ara rẹ̀ pè máa ń yàtọ̀ láti ìdílé dé ìdílé, ọmọ sì ń gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Èyí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó bí ta.

Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lórílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹja odò ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. DNA dá irú ẹja kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, nínú àwọn irú kan ó sì fi hàn pé ẹja odò kan yàtọ̀ sí ti odò mìíràn bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ìṣirò tó wà nídìí akọ

Abo àrọ̀ tó wọ̀n tó kílò kan lè yé ju ẹyin 50,000 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní kí ló tún kù. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Nínú oko tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja, wọ́n á fún abo ní abẹ́rẹ́ hòmóònù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ níkùn kí ẹyin lè jáde. Abo á yè, yóò sì tún wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Àtọ̀ akọ kì í jáde bẹ́ẹ̀. Pípa ni wọ́n ń pa akọ, kí wọ́n tó lè yọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò. Akọ ńlá kan sì jẹ́ owó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo àtọ̀ akọ kan fún abo mẹ́wàá, nítorí pé ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Wọn kò ṣe é láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìfowópamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀ bí onímọ̀ ṣe ń ṣe é. Ẹ sọ iye akọ di ìlọ́po iye abo, ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ wá fi àpapọ̀ akọ àti abo pín in. Akọ 1 àti abo 10: 40 tí a fi 11 pín, ó jẹ́ 3.6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹja 11 tí à ń wò yẹn, ní ti àjogúnbá, kò pé ẹja mẹ́rin. Bó bá jẹ́ akọ 5 àti abo 5 ni, 100 tí a fi 10 pín jẹ́ 10 gan-an. Ẹja mẹ́wàá yìí dín ní ẹyọ kan sí mọ́kànlá àkọ́kọ́, síbẹ̀ ìdílé inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tiwọn. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún onírúurú àjogúnbá ló ń lọ ní ìran kan ṣoṣo. Pẹ̀lú ìkejì, ìdá 5 ni. Ìdí nìyẹn tí Ian Franklin fi dábàá ní ọdún 1980 pé kí iye tí ìṣirò yìí ń mú jáde má ṣe dín sí 50 bí a kò bá fẹ́ kí ìbátan máa bá ìbátan lò pọ̀ dé ibi ewu, kó sì tó 500 bó bá jẹ́ pé a fẹ́ kí ẹ̀dá náà wà pẹ́ títí.

Bí àgbẹ̀ bá tún mú akọ àti abo ọdún tó ń bọ̀ láti inú àwọn ọmọ akọ kan àti abo mẹ́wàá yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń so pọ̀. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, ẹyin tó ń pa á dín kù, àwọn ọmọ kan á rọ, àwọn mìíràn kò ní dàgbà bọ̀rọ̀, àìsàn kékeré á sì máa kó wọn lọ. Oúnjẹ burúkú àti omi burúkú lè fa irú nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú. Ìdí tí àyẹ̀wò DNA fi ṣe pàtàkì nìyẹn: òun ló lè sọ fún àgbẹ̀ bóyá inú oúnjẹ ni ìṣòro wà tàbí inú ìdílé, kó má baà máa ná owó síbi tí àrùn kò sí.

Bí ẹja oko bá bọ́ sódò

Nàìjíríà ló ń sin àrọ̀ yìí jù lọ lágbàáyé. Àwọn àgbẹ̀ wa ń sin ti ìbílẹ̀, wọ́n ń sin èyí tí wọ́n ń pè ní Dutch nítorí pé láti Netherlands ni wọ́n ti kó irú rẹ̀ wá, wọ́n sì tún ń sin Heteroclarias, tó jẹ́ àdàpọ̀ àrọ̀ àti ẹja Heterobranchus. Àdàpọ̀ yìí hàn nínú krómósómù, ìyẹn ìdì tí okùn DNA pín sí: 56 ni àrọ̀ ní, Heterobranchus longifilis ní 52, àdàpọ̀ wọn sì ní 54. Lójú, ẹ lè wo ẹ̀yìn ẹja náà: Heterobranchus ní lẹbẹ ọlọ́ràá ńlá nítòsí ìrù, àrọ̀ kò ní i, ti àdàpọ̀ sì máa ń kéré. Ṣùgbọ́n bí àdàpọ̀ bá tún lọ bá àrọ̀ bímọ, ìran mélòó kan síwájú, ojú kò ní lè dá a mọ̀ mọ́.

Kò sí ohun tó burú nínú kí àgbẹ̀ sin àdàpọ̀ nínú oko rẹ̀. Ewu wà níbi tí òjò ńlá ti bo oko ẹja tí ẹja sì bá omi lọ, tàbí níbi tí èèyàn ti mọ̀ọ́mọ̀ da ọmọ ẹja sínú odò pé òun ń ran odò lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ẹ sì jẹ́ ká wo Thailand. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989, wọ́n kó àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lọ síbẹ̀, wọ́n mú un pọ̀ mọ́ àrọ̀ ìbílẹ̀ tiwọn, Clarias macrocephalus. Àdàpọ̀ náà ń dàgbà kíákíá, ó sì gba gbogbo ọjà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ka DNA àrọ̀ ìbílẹ̀ inú omi wọn, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, wọ́n bá jíìnì àrọ̀ Áfíríkà nínú rẹ̀. Ẹja tiwa ni ó wọ ìdílé wọn, kò sì sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yọ ọ́ jáde.

Adágún Victoria ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1959, wọ́n kó ẹja ńlá kan tó ń jẹ ẹja, àti epìyà odò Náílì, sínú rẹ̀ láti mú kí ẹja pọ̀. Ẹja pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja kéékèèké tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni a ti lè rí wọn láyé pòórá, epìyà ìbílẹ̀ ibẹ̀ sì pàdánù ipò rẹ̀ fún àlejò. Ìwọ̀n ẹja tí wọ́n ń kó jáde lè máa gòkè nígbà tí iye irú ẹja ń lọ sílẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹja inú omi kì í tán?

Òótọ́ ni pé ẹja ń bímọ púpọ̀. Ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀ tó ju èyí lọ ni pé ó ní ibi tí a kì í ti dẹ ẹ́. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ohun yòówù kí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jẹ́, onímọ̀ ẹja yóò sọ fún un pé irú ibi bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo ẹja àgbà, àwọn tó ń yé ẹyin jù lọ, kí ìdílé púpọ̀ lè máa ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò.

Àwọn tó ń da Gamalin sínú odò ló ń ṣe òdìkejì èyí. Lindane ni oògùn inú rẹ̀. Fún kòkòrò inú oko ni wọ́n ṣe é, àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní ti Stockholm sì ti kà á mọ́ oògùn tí ó yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 2009. Àwọ̀n máa ń yan ẹja: kékeré á yọ, ńlá á há. Májèlé kì í yàn. Ó ń pa ìyá, ọmọ àti ẹyin pọ̀, ìdílé tí kò sì ṣẹ́ ku ẹnì kan kò ní ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Òfin ẹja omi inú ilẹ̀ ti ọdún 1992 ti fòfin de májèlé àti ohun abúgbàù nínú ẹja pípa. Èèyàn ló kù tí yóò mú un ṣẹ.

Ohun tó kàn

Ẹni tó ń pa ẹyin ẹja tà lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Kó mú iye akọ sún mọ́ iye abo. Kó má ṣe mú akọ àti abo láti inú ọmọ ìyá kan náà. Kó máa bá oko mìíràn tó jìnnà ṣe pàṣípààrọ̀, kó sì kọ ọjọ́ àti orísun ẹja kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ẹni tó ń ra ọmọ ẹja ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí bàbá àti ìyá wọn ti wá.

Ìjọba tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ da ọmọ ẹja sínú odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onímọ̀. Inú odò yẹn gan-an ló yẹ kí a ti mú àwọn òbí ọmọ tí a fẹ́ dà síbẹ̀, kí wọ́n sì pọ̀ níye. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe là ń da ọmọ akọ kan ṣoṣo bo ọmọ ọgọ́rùn-ún bàbá mọ́lẹ̀. Ibi tó ti ṣeé ṣe, àtúnṣe àbàtà tí ẹja ń yé ẹyin sí á dín owó tí à ń ná lórí ọmọ ẹja kù, nítorí odò fúnra rẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn yunifásítì tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹja kò jìnnà sí wa, láti Ọ̀yẹ́-Èkìtì títí dé Àkúrẹ́. Lẹbẹ ẹja kò ní owó. Ẹtánọ́ọ̀lù inú ìgò lè tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí owó àyẹ̀wò tó wà. Nítorí náà, ìsinsìnyí ló yẹ kí a máa kó ti odò Èkìtì jọ, odò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Odò tí a kò mọ ìdílé ẹja inú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe bó bá bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tó yẹ kí a dá padà síbẹ̀.